Àkísà Àgbà: Bí Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Ojú-Omi Àtijọ́ Ṣe Lè Tún Tọ́ Wa Sọ́nà

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tí ó jẹ́ àlùfáà

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan ránṣẹ́, mo mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nípa ohun mìíràn, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí ó sì kan ẹ̀mí ènìyàn: bí a ṣe lè mú ẹ̀rọ afọ̀nàhàn tí a ti yọ kúrò lára ọkọ̀ ojú-omi gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò wúlò mọ́, kí a tún un tò, kí ó sì máa tọ́ ọkọ̀ kékeré sọ́nà lórí omi tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní àkókò tí mo ń bojú tó àwọn ìjọ kéékèèké tí ó wà létí ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ onígi tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí ni a fi ń lọ láti ìjọ kan sí èkejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí imú ọkọ̀ wa dáadáa. Àwa mọ́kànlá ni a wà nínú ọkọ̀, ìyá kan sì pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí a kúrò ní èbúté tí ilẹ̀ fi pòórá lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá tí ń tukọ̀ wa, ẹni tí a bí sí etí omi náà, pa ẹ́ńjìnnì. Ó ti ọ̀pá gígùn bọ omi, ó mi orí. Ibi tí ó yẹ kí ọ̀pá náà rì dé ìdajì, omi kò ju orúnkún lọ. A ti ṣìnà bọ́ sórí yanrìn.

“Àlùfáà, ẹ jẹ́ kí a jókòó,” ni Bàbá wí. “Ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà kì í sáré.”

A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi là ní ọ̀sán gangan. Ọmọ ọwọ́ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sí orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mo ti kọ́ orí ìwé yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo sì ti fi wàásù nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí omi ti sọ nù. Lúùkù ròyìn pé wọn kò rí oòrùn tàbí ìràwọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ròyìn pé ní ọ̀gànjọ́ òru, àwọn atukọ̀ wọn omi, wọ́n rí i pé ó jẹ́ ogún. Wọ́n tún sún síwájú díẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà náà ni wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti súnmọ́, wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ nídìí ọkọ̀, wọ́n sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ìbéèrè méjì péré ni ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn: níbo ni a wà, àti pé báwo ni omi ṣe jìn tó lábẹ́ wa? Ìràwọ̀ ni ó ń dáhùn ti àkọ́kọ́. Okùn tí a so nǹkan wúwo mọ́ ni ó ń dáhùn ti èkejì. Títí di òní, ìbéèrè méjì yìí náà ni olórí iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ afọ̀nàhàn inú ọkọ̀.

Ohun tí ó kú àti ohun tí ó wà láàyè

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jáde ní ilé-ìwé yìí ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú-omi ní Àpápá. Nígbà tí mo sọ ìtàn ọyẹ́ yìí fún un, ó gbé páálí kan wá fún mi. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ GPS àtijọ́ kan wà pẹ̀lú ẹ́ríà rẹ̀, àti ẹ̀rọ kan tí ń wọn jíjìn omi, tí n óò máa pè ní ẹ̀rọ ìwọnmi. Ojú ọ̀kan ti là, ojú èkejì ti ṣú dúdú. Ẹni tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ti ra tuntun, ó sì ti ní kí wọ́n kó wọn dànù.

Ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rọ afọ̀nàhàn ní etí tí ó fi ń gbọ́, ó ní ọpọlọ tí ó fi ń ro ohun tí ó gbọ́, ó sì ní ojú tí ó fi ń hàn wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ni ó máa ń kọ́kọ́ kú. Oòrùn a pa á, bọ́tìnnì a jẹ, káàdì máàpù tí ó ń lò a sì di ohun tí a kò tà mọ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Bí a bá lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí a sì fi ojú mìíràn fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì parí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, àkísà ni a ń wá.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àkísà ni ó ṣeé rán. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ́ láti máa bi ẹ̀rọ àtijọ́ kí n tó náwó lé e lórí.

Ìbéèrè kìíní: ta ni ó ń gbọ́?

Etí tí ó dára kò wúlò bí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ètò afọ̀nàhàn kan wà nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní Omega, tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò mẹ́jọ káàkiri ayé ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia ní Làìbéríà. Òpó rẹ̀ ga ju 400 mítà lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, wọ́n pa ètò Omega, wọ́n sì wó òpó Làìbéríà náà lulẹ̀ ní ọdún 2011. Bákan náà ni Amẹ́ríkà pa ètò Loran-C tirẹ̀ ní ọdún 2010. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ Omega wá fún ọ lónìí, bí ó tilẹ̀ ń dán bí owó tuntun, má gbà á. Kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ti GPS yàtọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ kò dín ní mẹ́rìnlélógún, wọ́n ń yí ayé ká ní òkè tí ó tó 20,200 kìlómítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kéde àkókò àti ibi tí ó wà láìsinmi. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa ń wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé, láti inú èyí ni ó ti ń ṣírò bí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i. Bí ó bá gbọ́ mẹ́rin, ó mọ ibi tí ó wà. Àwọn kan rò pé ó ń jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ nìkan ni ó ń gbọ́, kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ padà, a kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ohun ìyanu kan tún wà níbẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìkéde tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ rú díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi lè ṣi ibi tí ó wà mọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ èyí dúró, àwọn ẹ̀rọ tí a ti rà ṣáájú ọjọ́ náà sunwọ̀n sí i lóru ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Ti ẹ̀rọ ìwọnmi rọrùn jù, nítorí ohùn ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò rántí olùkọ́ wa ní fisíìsì tí ó mú wa dúró ní 85 mítà sí ògiri gbọ̀ngàn ńlá, tí ó ní kí a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì dákẹ́. Ìró náà lu ògiri, ó padà wá bá wa lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí nǹkan bíi 340 mítà ni ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó ń rìn tó nǹkan bíi 1,500 mítà. Bí ilẹ̀ bá wà ní mítà mẹ́ta nísàlẹ̀, ìró yóò rin mítà mẹ́ta lọ, yóò rin mẹ́ta bọ̀, yóò sì gba ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpàtẹ́wọ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń pa sí ilẹ̀ odò. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ní ilẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí ìjọba tí ó lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè kejì: èdè wo ni ó ń sọ?

Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ojú-omi ní Amẹ́ríkà, NMEA, gbé ìlànà kan jáde nípa bí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, láìka ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n sí. Wọ́n pè é ní NMEA 0183. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n àìmọye ẹ̀rọ ṣì ń sọ ọ́, ẹwà rẹ̀ sì ni pé ènìyàn lè fi ojú lásán kà á. Ẹ wo gbólóhùn kan:

$SDDBT,7.8,f,2.4,M,1.3,F*0D

Àmì dọ́là ni ó fi bẹ̀rẹ̀. SD sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ ìwọnmi. DBT sọ kókó ọ̀rọ̀, èyíinì ni jíjìn omi lábẹ́ etí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ó sọ jíjìn kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà 7.8, mítà 2.4, àti fathom 1.3. Ohun tí ó tẹ̀lé àmì ìràwọ̀ ní ìparí ni iye ìṣírò tí olùgbọ́ yóò fi mọ̀ bóyá lẹ́tà kan ti sọnù lójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí akápò ìjọ ṣe ń ka owó igbá lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ fathom náà pẹ̀lú ìyanu. Ìwọ̀n ìnà apá méjèèjì ọkùnrin kan ni, nǹkan bíi mítà 1.8. Ìwọ̀n tí àwọn atukọ̀ Pọ́ọ̀lù lò nìyẹn; orguia ni Lúùkù pè é ní èdè Gíríìkì. Ẹ̀rọ tí a kó dànù ní Àpápá ṣì ń ka omi bí wọ́n ti ń kà á ní ọ̀rúndún kìíní.

Kí ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ àtijọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ìwé rẹ̀. Bí a bá kọ NMEA 0183 síbẹ̀, inú rẹ̀ kí ó dùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní èdè tiwọn tí ó nílò ògbufọ̀, àwọn ẹ̀rọ tuntun sì ń sọ NMEA 2000, tí wáyà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. A kò gbọdọ̀ so méjèèjì pọ̀ ní tààrà.

Ìbéèrè kẹta: kí ni ó ń jẹ?

Iná bátìrì fóòtì méjìlá ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré ń jẹ, ṣùgbọ́n kí a kà á lára rẹ̀, kí a má ṣe méfò. Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo fi ṣe ojú tuntun fún wọn, Raspberry Pi, fóòtì márùn-ún ni ó ń jẹ. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ ní tààrà, ó kú nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ méjìlá di márùn-ún gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn.

Bí a ṣe tò ó

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe ní ọjà ni ó ràn mí lọ́wọ́. A kọ́kọ́ ṣí ìdí wáyà, a fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípírítì fọ gbogbo ibi tí iyọ̀ omi ti sọ di àwọ̀ ewé, a gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò, a sì fi léèdì jó àwọn wáyà tuntun mọ́ ọn. A fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, kí iná má bàa ràn bí wáyà méjì bá fi ara kanra.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì tí ó fi ń sọ̀rọ̀. A so wọ́n mọ́ okùn asopọ̀ tí ń sọ NMEA di USB, a sì ki í bọ kọ̀ǹpútà. Òfin kan wà níbi yìí: ẹni púpọ̀ lè gbọ́ lórí wáyà kan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ GPS ní okùn tirẹ̀, ẹ̀rọ ìwọnmi ní tirẹ̀. A sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa gbọ́ ní ìwọ̀n 4800, nítorí bí NMEA 0183 ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbin lásán ni ó kún ojú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yí wáyà méjèèjì padà.” Ó yí wọn, àmì dọ́là sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. N kò lè gbàgbé ayọ̀ náà.

Ètò tí ń yí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí padà sí àwòrán ni OpenCPN. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi àti lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ pẹ̀lú. Ó ń fi ọkọ̀ hàn lórí máàpù, ó ń fi jíjìn omi hàn ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi ìlà sílẹ̀ sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá gbà kọjá.

Etí ẹ̀rọ ìwọnmi ni ó fún wa níṣẹ́ jù. A kọ́kọ́ gbé e sínú ọkọ̀, lórí pákó ìsàlẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí ìró kì í gba inú igi kọjá dáadáa. Lẹ́yìn náà a kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀, ó wọ inú omi, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ẹ́ńjìnnì jù, ìfófòó omi sì di í létí. Nígbà tí a sún un sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbọ́.

Ẹ dán gbogbo ẹ̀mí wò

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àṣìṣe gbáà ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè sọ̀rọ̀ ketekete kí ó sì máa purọ́. A gbé ọkọ̀ wa dúró ní èbúté tí gbogbo wa mọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rí mìíràn dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. A rí irọ́ mẹ́ta.

Èkíní, ọjọ́ tí ó sọ ti kọjá láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé láti oṣù kìíní ọdún 1980 ni GPS ti ń ka ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n 1024 ni iye ọ̀sẹ̀ tí òǹkà àtijọ́ náà gbà. Bí ó bá kún, ó padà sí òdo. Ó kún ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, ó tún kún ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé òǹkà ti yí po yóò máa gbé ní ayé àtijọ́. Ibi tí ó sọ pé a wà lè tọ̀nà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ọjọ́ rẹ̀.

Èkejì léwu jù. Bí a ti wà nínú ọkọ̀, tí omi ń gbá wa, ẹ̀rọ náà ní inú oko ni a wà lórí ilẹ̀. Fóònù mi sọ ibòmíràn, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sí ti ẹ̀rọ. A wá ìdí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ayé kò rí roboto bí bọ́ọ̀lù, nítorí náà àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti yan ìrísí àti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò. Ti Nàìjíríà ni ìwọ̀n Minna. Ti GPS fúnra rẹ̀ ni WGS 84. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀ ti gbé e sí ìwọ̀n Minna, bóyá nítorí máàpù tí ó ń lò, ojú ẹ̀rọ sì ti ṣú kí ó tó dé ọwọ́ wa, a kò rí i. Nígbà tí a rí ọ̀nà láti dá a padà sí WGS 84, oko náà yọ kúrò lábẹ́ wa. Lórí òkun gbalasa, ọgọ́rùn-ún mítà lè má pa ẹnikẹ́ni. Ní ẹnu ọ̀nà omi tóóró, ikú ni.

Ẹ̀kẹta, jíjìn tí ẹ̀rọ ìwọnmi sọ fi nǹkan bí ìdajì mítà kéré sí ti ọ̀pá Bàbá. Bàbá ni ó tọ̀nà. Ẹ̀rọ ń wọ̀n láti ibi tí etí rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ọ̀pá ń wọ̀n láti ojú omi. A fi ìyàtọ̀ náà kún un nínú ètò, wọ́n sì bára mu.

Ọ̀nà tí Bàbá mọ̀

Máàpù tí ó dára fún òkun àti fún ẹnu èbúté ńlá wà, ṣùgbọ́n fún àwọn ọ̀nà omi kéékèèké tí àwọn ènìyàn wa ń gbà, n kò rí èyí tí mo lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́. Yanrìn a sì máa ṣípò. Nítorí náà, Bàbá ni ó di máàpù wa. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, a tan ẹ̀rọ, a sì ní kí Bàbá máa wa ọkọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ń fa ìlà tẹ̀lé e, a sì ń kọ jíjìn omi sílẹ̀. A lọ, a bọ̀, a tún lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi fà, a tún un ṣe. Bí ìmọ̀ ọgbọ́n ọkùnrin kan tí kò wọ ilé-ìwé rí ṣe di ìlà tí ẹlòmíràn lè tẹ̀lé nìyẹn, kí ó tó di pé ó bá a wọ ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, ó ká wa mọ́ agbedeméjì ọ̀sà. Bàbá dẹ ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ rẹ̀ dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Mo ń wo ìlà, mo ń ka jíjìn omi sókè: 2.4, 2.3, 1.9, 1.4. “Ẹ yà sí ọ̀tún,” ni ọmọ náà pariwo, ní àkókò kan náà tí ìlà kọ̀ǹpútà fi hàn pé a ti yà sí òsì jù. Bàbá yí ọkọ̀. 1.8. 2.5. A pẹ́ kí a tó dé, ṣùgbọ́n a dé. Ọmọ ọwọ́ ọjọ́sí wà nínú ọkọ̀ náà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kí ó sì lọ bá omi ta. Ẹ̀rọ yìí kò rí ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀, kò rí ìtì igi tí ó rì, kò rí àwọ̀n apẹja. Kò fún wa láṣẹ láti rìn lóru tàbí láti kó èrò ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì rọ́pò ẹ̀wù amúniléfòó lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ḿpáàsì tí kò jẹ iná gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kí ó sì jìnnà sí irin àti gbohùngbohùn. Fóònù dára láti jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wọn omi. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá takora, ẹ dín eré kù, ẹ ti ọ̀pá bọ omi.

Mo tún kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín yá: ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ rédà, ẹ má sì ṣe tú ẹ̀rọ tí ó ní ojú onígíláàsì ńlá ti ayé àtijọ́. Agbára iná tí ó wà nínú wọn lè pa ènìyàn, kódà lẹ́yìn tí a ti pa á. Ẹ má ṣe jó wáyà níná láti yọ bàbà inú rẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ májèlé ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi parí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, àti lẹ́nu òwò ẹrù tòkunbọ̀. Kí ẹ tó ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ kan dànù, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí. Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ gbé e wá sí yàrá fisíìsì ilé-ìwé wa. Mo ti gbé ìyókù páálí tèmi wá síbẹ̀, pẹ̀lú okùn asopọ̀ kan àti ìwé tí mo kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ìfẹ́ ọkàn mi ni pé kí àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin to ọ̀kan fúnra wọn, kí olùkọ́ wọn dán an wò pẹ̀lú ọ̀pá bí a ti dán tiwa wò, kí a sì gbé e fún ìjọ tàbí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ọkọ̀ ojú-omi jẹ́ ẹsẹ̀ fún.

Ògiri gbọ̀ngàn ńlá ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó tẹ́ àwọn olùkọ́ wa tí ó ti sùn sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì mú gbogbo ẹni tí ń bẹ lójú omi dé èbúté ní àlàáfíà. Àmín.